Wíìgì Tí Kò Ní Orúkọ Nínú

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù nígbà tí Lọ́yà Pinsky pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó sì tẹ́ ìwé olójú mẹ́rin síwájú wa lórí tábìlì. Ìmígíréṣọ̀n ló kọ ọ́. Nestan ò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo fà á mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, nítorí tí a bá ní ká dúró de Nestan, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ ò ṣòro láti lóye. Wọ́n ní àwọn ti rí gbogbo ìwé tí Nestan Kiknadze kó wá. Wọ́n gbà pé ó ń ṣe wíìgì fún tíátà, wọ́n gbà pé ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú tó ń tọrọ, ti àwọn tó ta yọ ni, àwọn díẹ̀ tó wà ní góńgó nídìí iṣẹ́ ọnà wọn. Ìwé ìròyìn wo ló ti kọ nípa rẹ̀? Ẹ̀bùn wo ló gbà? Ipa pàtàkì wo ló kó nínú eré tó lókìkí? Kó mú ẹ̀rí wá kí ọjọ́ tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gbàgbé ẹ̀.

"Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń fẹ́?" ni mo bi lọ́yà. "Kí wọ́n wá wo ọwọ́ ẹ̀!"

"Ìyáàfin Cordero, ìmígíréṣọ̀n kì í wo ọwọ́. Ìwé ni wọ́n ń wò."

"Ìwé ètò eré ńkọ́? Eré mọ́kànlá ló ti bá mi ṣe."

Pinsky kó ìwé ètò mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ ìlà kan náà nínú gbogbo wọn. Irun àti wíìgì: Migdalia Cordero. Irun àti wíìgì: Migdalia Cordero. Orúkọ Nestan ò sí níbì kankan. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ń tọ́jú ajá inú eré, wọ́n dárúkọ ilé ìfọṣọ.

"Mo ti rí i," ni mo wí. "Ẹ má ṣí ìyókù mọ́."

Ojú tì mí. Bí a ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wa nìyẹn: ẹni tó ya àwòrán irun ló ni orúkọ, ẹni tó jókòó so ó ò ní nǹkan kan. Kódà nínú wíìgì fúnra rẹ̀, pélébé aṣọ kan wà tí a máa ń rán mọ́ ibi ẹ̀yìn ọrùn, orúkọ òṣèré tó máa dé e la máa ń kọ sí i. Èmi náà ti fi ọdún méjìlá so irun lábẹ́ ọkùnrin kan tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ orúkọ, mo sì bú u kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wá kàn mí, mo gbàgbé èébú náà.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Bronx ni wọ́n bí mi sí, Puerto Rico ni ìyá mi ti wá, gbogbo ará tíátà ló sì ń pè mí ní Titi, bí a ṣe ń pe àǹtí nílé wa. Àwa márùn-ún la wà ní yàrá wíìgì tí mò ń darí nísàlẹ̀ tíátà. Nestan ti dé láti Tbilisi, ìlú rẹ̀ lókè òkun, lọ́dún méje sẹ́yìn. Ìwé tó fi ń gbé ìlú, ìparí oṣù Kẹfà ló máa kú. Tí wọ́n bá kọ èyí, ilé ló ń lọ. Mi ò ní purọ́ pé ìfẹ́ nìkan ló ń lé mi kiri. Ojú mi ti ń kú. Ihò àwọ̀n tí à ń so irun mọ́ kéré gan-an, ìwọ̀ kékeré la fi ń fa irun náà wọlé, ní iwájú orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò rí ihò yẹn mọ́. Àwòrán ni mò ń yà, ọwọ́ Nestan ló ń sọ ọ́ di irun. Bó bá lọ, kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ tí gbogbo ìlú á fi mọ̀ pé Migdalia Cordero ti tán.

Bí a ṣe kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo pe àwọn tó ń gbé eré jáde, mo pe àwọn olùdarí eré, mo pe obìnrin kan tó jẹ́ ara ìgbìmọ̀ tó ń fún wa lẹ́bùn lọ́dọọdún. Mo lọ dúró de ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ títí òjò fi pa mí. Lẹ́tà mẹ́fà dé. Mo gbé wọn tọ Pinsky lọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó ka àkọ́kọ́ síta. "'Nestan jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀.'" Ó gbójú sókè. "Ìyáàfin Cordero, ṣé iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ là ń bá a wá ni?"

"Ẹ ka èkejì."

"Èkejì ní ó mọ búrẹ́dì ṣe."

Ẹni yẹn ò kúkú purọ́. Búrẹ́dì oníwàràkàṣì tí Nestan máa ń gbé wá lọ́jọọjọ́ Ẹtì ti mú kí àwọn òṣèré méjì má lè wọ aṣọ eré wọn mọ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kì í gba ìwé ìgbélùú fún èèyàn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò sáré. Adìẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, Nestan nìkan ni ara rọ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó tẹ orí mọ́ iṣẹ́, ó ń so irun lọ. Èmi ni mò ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Titi. Ẹ̀ ń mi tábìlì mi."

"Tábìlì ni mò ń mì? Ìmígíréṣọ̀n fẹ́ mi gbogbo ilé ẹ! Àwòrán àwọn iṣẹ́ ẹ dà?"

"Mi ò ní."

"Ọdún méje, o ò ní àwòrán kan?"

"Tí mo bá ti parí ẹ̀, mo máa ń gbé e fún ẹni tó ni ín," ló wí, ó sì tún fa irun mìíràn wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jáde lọ gba páálí irun kan tí wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kì í ṣe àṣà mi o. Àwòrán ni mò ń wá, ó dá mi lójú pé ìtìjú ló ń ṣe é. Lẹ́yìn àwọn ìgò gọ́ọ̀mù àti àpò irun, mo rí orí aṣọ kan, irú èyí tí à ń gbé wíìgì lé, tó fi gèlè àtijọ́ bò. Mo ṣí gèlè náà.

Irun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti ń hewú ni. Ewú náà pọ̀ lápá òsì ju apá ọ̀tún lọ, bó ṣe máa ń rí lórí èèyàn gidi. Níwájú, àwọn irun wẹ́wẹ́ wà tó dà bíi pé ìyàrun ló ti gé wọn díẹ̀díẹ̀. Nestan ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ wọn ni. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo fi awò méjì kún ara wọn, mo ń wá ibi tí wọ́n ti so ó. Mi ò rí i. Mo yí i padà láti ka orúkọ ẹni tó ni ín. Pélébé aṣọ wà níbẹ̀, ó rán an dáadáa, kò kọ nǹkan kan sí i.

Ṣùgbọ́n mo mọ irun náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Corinne Halvorsen ni òṣèré àgbà tó ń ṣe opó nínú eré wa láti ọdún méjì. Nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ wíìgì, irun orí òun lòun máa lò, kí Nestan ṣáà máa bá òun tún un ṣe. Iṣẹ́ mi dín kù, mo dúpẹ́. Ìgbà tí eré jáde, lámèyítọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ńlá kan pé láyé tí gbogbo òṣèré ń rẹ irun láró, ìgboyà ńlá ni bí Corinne Halvorsen ṣe jẹ́ kí a rí ewú orí ara rẹ̀. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa. "Ẹ wo ayé," ni mo máa ń wí fún àwọn ọmọbìnrin náà, "àwa ń fọ́jú nídìí ìwọ̀, wọn ò kà wá kún. Obìnrin yìí gbé orí tí Ọlọ́run fún un jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Nestan náà á rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti dì mọ́ obìnrin náà láìmọye ìgbà, tí irun rẹ̀ kàn mí létí. Mi ò mọ̀.

"Ẹ bò ó padà, Titi."

Nestan ti dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páálí lọ́wọ́.

"Gbogbo ẹ̀?" ni mo bi í. "Gbogbo orí ẹ̀ ni?"

"Irun ẹ̀ já tán lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò hù mọ́. Ẹ bò ó."

"Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mo gbà ọ́ síṣẹ́, èmi lo tàn jẹ fún odidi ọdún méjì!"

"Ẹ ò bi mí." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ gé etí irun ẹ̀ díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo gbá a mọ́ra, páálí já lulẹ̀. "Ẹ̀rí ti dé! Ìwé ìròyìn ti kọ nípa iṣẹ́ ẹ, wọn ò kàn mọ̀ ni! Ó wà lára ògiri látọjọ́ yìí!"

Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. "Rárá."

"Rárá báwo?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé yàrá yìí, kí lẹ sọ fún mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé páálí náà sórí tábìlì.

"Ẹ ní ohun tí a bá rí lábẹ́ wíìgì, yàrá wíìgì ló ń sùn. Ẹ ní ẹni tó bá sọ ọ́ síta, kó kó ìwọ̀ ẹ̀ kó máa lọ. Ẹ tìtorí ẹ̀ lé Marisol."

"Òfófó ni ti Marisol. Èyí yàtọ̀. Ayé ẹ ló wà níbẹ̀."

"Orí ẹ̀ ló wà níbẹ̀," ni Nestan wí. Ó mú gèlè náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi bo wíìgì náà.

Mo lọ pe Pinsky lórí àtẹ̀gùn. Mo bi í bóyá a lè sọ pé òṣèré kan wà, nínú eré kan, kí a má dárúkọ. Ó ní wọ́n á rò pé àlọ́ là ń pa. Ó ní òun ń fẹ́ orúkọ òṣèré, orúkọ eré, ìwé ìròyìn náà, àti lẹ́tà láti ọwọ́ òṣèré fúnra rẹ̀. Tí mo bá ní ìwọ̀nyí, kí n máa bọ̀, tí mi ò bá ní wọn, kí n jẹ́ kó ráyè jẹun.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè jẹun, mi ò lè jókòó. Lọ́jọ́rú, ní wákàtí kan kí eré ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn Corinne.

Ó jókòó síwájú dígí, irun náà wà lórí rẹ̀. Mo wò ó bí mo ṣe mọ̀ tó, mi ò rí nǹkan kan síbẹ̀.

"Titi! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ṣé ẹ tún ti wá gé etí irun mi ni?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ láti ilé wá, ṣùgbọ́n ẹnu mi yára jù mí lọ. "Mo rí èkejì," ni mo wí. "Èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àtíkè. "Nestan ló sọ fún yín?"

"Rárá! Ojú mi ni mo fi rí i. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wá. Ìwé ìgbélùú ló ń wá, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, ọjọ́ méje ló kù. Lẹ́tà kan péré láti ọ̀dọ̀ yín..."

"Tí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí lẹ máa ṣe?"

Ó rò pé mo wá halẹ̀ mọ́ òun ni. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ní, "Mi ò ní ṣe nǹkan kan. Màá pa ẹnu mi mọ́ títí tí mo fi máa kú." Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí ọjọ́ méje, mo rántí oṣù Kẹfà, mo rántí ojú mi tó ń kú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò."

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé, ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni. Ó nà án sí mi, kò wojú mi.

"Ó parí, Ìyáàfin Cordero?"

A ti mọra fún ọdún méjìlá, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi lẹ́tà náà sí báàgì mi, mo sì gbé e fún Pinsky kó tó di pé ẹ̀rí ọkàn mi mú mi padà.

Mi ò rántí pé Nestan gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìwé, kó sì fọwọ́ sí i, kí lọ́yà tó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọlé wá láìgbé búrẹ́dì. Àwọn ọmọbìnrin tó kù wo ojú rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra kọfí.

"Ẹ ti lọ bá Corinne."

"Nestan, gbọ́ mi ná."

"Ẹ lọ bá a nígbà tó ń múra eré. Ẹ wò ó." Ó na lẹ́tà náà sí mi lójú. "Ẹ wo bí ìkọ̀wé ẹ̀ ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Kí lẹ sọ fún un?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Kí lẹ sọ fún un, Titi?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí dórí "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò." Nígbà tí mo parí, ó ya lẹ́tà náà sí méjì, ó tún un ya sí mẹ́rin, ó dà á sínú agolo tí à ń da irun jíjá sí.

"Ìwé ìgbélùú ẹ lo ya yẹn!" ni mo pariwo.

"Mo mọ̀wé kà."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè lọ́dọ̀ Corinne. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó jókòó, ó mú ìwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, mo sì ń gbọ́ ọ látìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bí èèpo rẹ̀ ṣe ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ pé, Pinsky pè mí.

"Ìyáàfin Cordero, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òṣèré yín fúnra ẹ̀ ló wá. Lẹ́tà olójú mẹ́ta ló gbé wá. Ó ṣí irun náà níwájú mi, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò tòun ti wíìgì lọ́wọ́. Mo ní kò pọn dandan. Ó ní Nestan ti bẹ òun títí pé kí òun má ṣe é, nítorí ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ṣe é." Mo ń gbọ́ bí lọ́yà tó máa ń fi mí ṣẹ̀sín ṣe ń ṣí ìwé. "Ẹ jẹ́ kí n ka ìlà kan fún yín. 'Láti ọdún mẹ́ta tí irun mi ti lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí mo lè ṣí orí níwájú rẹ̀ kí n sì gbàgbé pé mo ṣí i.'"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo sunkún níbẹ̀ títí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n fọwọ́ sí i. Nestan Kiknadze ta yọ, ìjọba Amẹ́ríkà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ra kéèkì, àwọn ọmọbìnrin jó láàárín àwọn orí aṣọ. Nestan dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì mọ́ èmi náà. Lẹ́yìn náà ló nu ìwọ̀ rẹ̀ ní méjèèje, ó ká wọn sínú awọ wọn, ó sì dè é.

"Mo ti rí yàrá wíìgì míì, Titi. Ọjọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀rẹ̀."

Irú ìwé tó gbà yẹn kì í so èèyàn mọ́ ọ̀gá kankan. Ẹni tó bá ta yọ lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá wù ú. Mo mọ èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Pinsky ti sọ ọ́, kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ibòmíràn lè wu Nestan.

"Ṣé torí ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ló wí, kò sì bínú rárá bó ṣe ń wí i. "Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, kó kó ìwọ̀ ẹ̀. Yàrá yín nìyí, ẹ ò lè kó tiyín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kó tèmi."

"Dúró! Màá fi orúkọ ẹ sínú ìwé ètò. Màá fi sókè tèmi, gàdàgbà gàdàgbà."

"Ẹ fi ti àwọn tó kù," ni Nestan wí.

Mo fi ti àwọn tó kù. Orúkọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ tèmi nínú ìwé ètò báyìí, iṣẹ́ wa ò sì dára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Corinne ṣì ń ṣe opó. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun, kò sì pè mí ní Titi mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tí a kì í ṣeré, Nestan máa ń gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ tuntun láti wá bá Corinne tún irun náà ṣe. "Ẹ káàárọ̀, Titi," á wí, á sì ki búrẹ́dì gbígbóná kan bọ̀ mí lọ́wọ́, nítorí ọmọ gidi ni. Lẹ́yìn náà á dúró, á máa wò mí títí màá fi jáde kúrò ní yàrá mi, kó lè tilẹ̀kùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn lọ́dún tí mo gba yàrá náà, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé bá ẹni tó ṣí orí. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, màá máa gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún. Mo máa ń jẹ búrẹ́dì náà tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.